Oorun Ọ̀gìnnìtìn: Bí Họ́mọ̀nù àti Ọpọlọ Ṣe Ń Darí Rẹ̀ Lára Ẹranko Afọ́mọlọ́mú

Oorun ọ̀gìnnìtìn (hibernation) ni ipò tí àwọn ẹranko kan ń wọ̀ fún oṣù mélòó kan, tí iná inú ara wọn á rẹlẹ̀ gan-an, kí wọ́n lè la ìgbà tí oúnjẹ wọ́n já. Ikún la ó máa fi ṣe àpẹẹrẹ jù nínú àwọn ìdáhùn sí ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀ yìí. Kì í ṣe ikún tó ń jọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ń rèdí nílé wa o. Àwọn ìbátan rẹ̀ méjì ní Àríwá Amẹ́ríkà là ń wí: ikún onílà mẹ́tàlá, tó ń gbé pápá koríko àárín Amẹ́ríkà àti Kánádà, àti ikún Alaska, tó ń gbẹ́ ihò síbi tí abẹ́ ilẹ̀ ti dì gbagidi láti ọdún dé ọdún. Béárì, àdán, hamster (ẹranko kékeré tó jọ eku) àti lemur (ìbátan ọ̀bọ ní Madagascar) náà yóò yọjú níbi tó bá yẹ.

Ṣé oorun ni oorun ọ̀gìnnìtìn ní tòótọ́?

Rárá. Orúkọ lásán ni. Ẹni tó ń sùn, ara rẹ̀ ṣì gbóná, ọkàn rẹ̀ ń lù bó ṣe yẹ, bí ẹ bá sì fọwọ́ kàn án, á jí. Ikún onílà mẹ́tàlá tó ti wọ oorun ọ̀gìnnìtìn kò rí bẹ́ẹ̀. Ooru ara rẹ̀ á ti 37°C já wálẹ̀ sí nǹkan bí 5°C. Ọkàn tó ń lù ní ìgbà 200 sí 300 láàárín ìṣẹ́jú kan á máa lù ní ìgbà 3 sí 10 péré. Iná inú ara rẹ̀, ìyẹn bí ara ṣe ń jó oúnjẹ kó lè rí agbára, á rẹlẹ̀ débi pé bí ti tẹ́lẹ̀ bá jẹ́ 100, èyí kò ju 2 sí 4 lọ. Ẹ lè gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, á tutù bí òkúta inú odò, kò sì ní mira.

Ti ikún Alaska tún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1989 ni ìwádìí jáde pé ooru inú ikùn rẹ̀ lè sọ̀ kalẹ̀ dé −2.9°C. Omi ìgò tí ẹ bá gbé síbẹ̀ á ti di yìnyín, ẹ̀jẹ̀ ikún yìí kò sì dì. Àmọ́ orí àti ọrùn rẹ̀ kì í tutù tó ikùn. Ara ń ṣọ́ ọpọlọ.

Ṣé òtútù ló ń lé wọn wọ̀ ọ́?

Òtútù ń dá kún un, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni ọ̀gá. Láàárín àwọn ọdún 1950 sí 1960, àwọn onímọ̀ méjì, Pengelley àti Fisher, fi irú ikún kan tí wọ́n ń pè ní golden-mantled sínú yàrá tí ìmọ́lẹ̀ àti ooru rẹ̀ kò yí padà láti oṣù dé oṣù. Nínú yàrá yẹn, kò sí ìgbà ooru, kò sí ìgbà òtútù. Síbẹ̀, bí ọdún ṣe ń yí ni ẹranko náà ń sanra, tó ń wọ oorun, tó sì ń jí. Aago ọdọọdún wà lára rẹ̀. Aago náà kì í pé bíi kàlẹ́ńdà o: bí kò bá rí ojúmọ́ gidi tó máa fi tún ara rẹ̀ tò, ó máa ń sáré, ọdún tirẹ̀ kì í sì í pé ọjọ́ 365.

Ẹ̀rí kejì wá láti Madagascar, níbi tí lemur onírù-ọ̀rá ti ń lo tó oṣù 7 nínú ihò igi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tó ń jẹ ọ̀rá tó kó pamọ́ sínú ìrù. Ní 2004 ni wọ́n fi hàn pé bí ihò igi náà bá gbóná, ara ẹranko náà á gbóná tẹ̀lé e, nígbà mìíràn á kọjá 30°C, iná inú ara rẹ̀ á sì wà ní rírẹlẹ̀ síbẹ̀. Ibí ni ọ̀rọ̀ ti yanjú: iná ara ló ń kọ́kọ́ rẹlẹ̀, kí ara tó wá tutù tẹ̀lé e bí àyíká bá tutù. Ẹni tó bá rò pé ara tó tutù ló ń pa iná náà ti gbé ẹṣin sẹ́yìn kẹ̀kẹ́.

Báwo wá ni ara ṣe ń mọ̀ pé àsìkò ti tó?

Ojú ni ìròyìn ń gbà wọlé. Ìmọ́lẹ̀ tó bá wọ ojú máa ń dé ìdì sẹ́ẹ̀lì kékeré kan tó jókòó sórí ibi tí iṣan ojú ọ̀tún àti ti òsì ti gba ara wọn kọjá. Suprachiasmatic nucleus lorúkọ rẹ̀, òun sì ni aago ojoojúmọ́. Láti ibẹ̀ ni àṣẹ ti ń lọ sí ẹṣẹ́ pineal láàárín ọpọlọ, tó ń tú melatonin sínú ẹ̀jẹ̀. Họ́mọ̀nù ni melatonin, ìyẹn èròjà tí apá kan ara ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ láti fi rán apá mìíràn níṣẹ́. Òru nìkan ni ẹṣẹ́ náà ń tú u. Bí òru bá gùn, melatonin á pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀. Bí òru bá kúrú, kò ní pẹ́ kó tó pòórá. Nípa bẹ́ẹ̀, gígùn òru ni ara fi ń ka oṣù.

Ẹni tó ń gba ìròyìn náà ni pars tuberalis, awẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ kan lára ẹṣẹ́ pituitary nísàlẹ̀ ọpọlọ. Bí òru bá kúrú, ibẹ̀ ń rán àwọn sẹ́ẹ̀lì kan nínú hypothalamus, apá ìsàlẹ̀ ọpọlọ tó ń darí ooru ara, ebi àti òùngbẹ, níṣẹ́ pé kí wọ́n sọ T4, họ́mọ̀nù ọ̀fun tí kò tíì le, di T3 tó le. Bí òru bá gùn, iṣẹ́ náà á yí padà: ohun tó ń ba T3 jẹ́ ni wọ́n á máa ṣe. Ẹ kíyè sí i pé inú ọpọlọ níbẹ̀ yẹn ni T3 ti ń gbẹ. Ẹni tó bá wọn ẹ̀jẹ̀ nìkan kò ní rí ìdí ọ̀rọ̀ náà, T3 inú hypothalamus yìí sì máa padà wá nígbà tí a bá dé orí ebi.

Bí ẹranko kọ̀ọ̀kan ṣe ń gbára lé melatonin kò dọ́gba. Hamster Síríà ń tẹ̀lé òru gígùn àti òtútù gan-an. Ikún ń tẹ̀lé aago ọdọọdún inú rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ kàn ń tún aago náà tò ni.

Kí ló dé tí wọ́n ń sanra tó bẹ́ẹ̀ láìṣàìsàn?

Ọ̀rá ń tú họ́mọ̀nù leptin jáde láti sọ fún ọpọlọ pé, “Àká ti kún, fi oúnjẹ sílẹ̀.” Lára ẹni tí ara rẹ̀ dá, bí ọ̀rá bá pọ̀, leptin á pọ̀, oúnjẹ á dín kù. Bí ìgbà òtútù bá ń bọ̀, ẹranko tó ń wọ oorun gbọ́dọ̀ já okùn yìí. Lára àdán kékeré aláwọ̀ ilẹ̀ ti Amẹ́ríkà, leptin máa ń lọ sílẹ̀ lásìkò tí ọ̀rá ń gòkè. Lára àwọn mìíràn, leptin wà níbẹ̀, ọpọlọ ni kò kà á sí. Ọ̀nà méjèèjì dé ibì kan náà: ikún onílà mẹ́tàlá lè wúwo tó ìlọ́po méjì ara rẹ̀ kí ó tó wọlé.

Insulin náà ń yí ipò padà. Nínú ìwádìí tí wọ́n ṣe lára béárì aláwọ̀ ilẹ̀ ní Washington State University, ìgbà tí béárì sanra jù, kí òtútù tó dé, ni ara rẹ̀ ń gbọ́ ti insulin dáadáa. Nígbà tó bá wọ ihò, ara á di etí sí insulin, kí ọ̀rá lè máa jáde láti inú àká. Nígbà tó bá jí, etí á tún là. Ara ènìyàn tó bá di etí sí insulin lọ́nà yìí ti ń rìn lọ sí àtọ̀gbẹ nìyẹn. Béárì ń ṣe é lọ́dọọdún, ó sì ń bọ́ níbẹ̀.

Ohun tí wọ́n ń jó náà tún yí. Ẹ̀rọ kan nínú sẹ́ẹ̀lì tó ń jẹ́ PDK4 á ti ilẹ̀kùn tí ṣúgà ń gbà wọ ibi tí iná ti ń jó. Ọ̀rá nìkan ló kù fún jíjó, ṣúgà díẹ̀ tó wà á sì di ti ọpọlọ.

Ibo gan-an nínú ọpọlọ ni wọ́n ti ń pa iná náà?

Nínú hypothalamus, pàápàá iwájú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní preoptic area. Ibẹ̀ ni ara ń gbà mọ ìwọ̀n ooru tó yẹ kó ní. Ní àwọn ọdún 1970, Craig Heller àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ fi ọ̀pá tín-ín-rín sínú hypothalamus ikún, wọ́n ń mú ibẹ̀ tutù tàbí gbóná bó ṣe wù wọ́n. Wọ́n rí i pé ẹ̀rọ náà kò kú nígbà oorun ọ̀gìnnìtìn. Ara kàn yí òṣùwọ̀n rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ni. Bí ẹ bá mú hypothalamus náà tutù ju òṣùwọ̀n tuntun yẹn lọ, ikún tó wà nínú oorun á tún dá iná díẹ̀ láti gba ara rẹ̀ là. Ìdí nìyẹn tí ikún Alaska kì í fi í kú nígbà tí ihò rẹ̀ bá tutù kọjá −10°C: á jó ọ̀rá sí i, kò sì ní jí.

Ta ló ń yí òṣùwọ̀n náà? Ọ̀kan lára àwọn tí ẹ̀rí wọn lágbára jù ni adenosine. Ohun tó ń kó jọ nínú ọpọlọ nígbà tí a kò bá sùn ni, òun ló sì ń mú kí ojú wúwo. Ẹni tó ti jẹ obì mọ́jú nítorí ìdánwò mọ ipa rẹ̀ láìmọ orúkọ rẹ̀, nítorí caffeine inú obì ló ń dí ihò kọ́kọ́rọ́ adenosine. Ní 2011, ní yunifásítì Alaska ní Fairbanks, wọ́n fún ọpọlọ ikún Alaska 6 ní oògùn CHA, tó ń ṣí ihò kọ́kọ́rọ́ A1 ti adenosine. Ní ìgbà ooru, kò sí ọ̀kan tó wọ oorun. Nígbà tí àsìkò oorun ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, 2 wọ̀ ọ́. Ní àárín àsìkò, gbogbo 6 ló wọ̀ ọ́. Kọ́kọ́rọ́ kan náà ni, iye kan náà. Aago ọdọọdún ló ń sọ bóyá ilẹ̀kùn yóò ṣí.

Báwo ni wọ́n ṣe ń wọlé, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin?

Ẹranko náà á ká ara rẹ̀ bí bọ́ọ̀lù nínú ihò, á sì kọ́kọ́ sùn oorun lásán. Ọkàn ló ń ṣáájú: iṣan tó ń mú ọkàn rọlẹ̀ á gba ìjọba lọ́wọ́ èyí tó ń mú un sáré, lílù ọkàn á dín kù kí ooru ara tó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Èémí á máa jìnnà síra. Ara á dẹ́kun gbígbọ̀n. Lẹ́yìn náà ni ooru á máa yọ́ lọ fún wákàtí púpọ̀, títí á fi ku díẹ̀ kó bá ti ihò dọ́gba. Bí òtútù bá ti mú ọpọlọ dé ìwọ̀n kan, ẹ̀rọ tó ń ya ìgbì iná ọpọlọ kò ní fi bẹ́ẹ̀ rí nǹkan yà mọ́.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àsìkò, ìwọlé yìí kì í jinlẹ̀. Wọ́n máa ń dán an wò: ìgbà àkọ́kọ́ á kúrú, ara kò ní tutù púpọ̀, wọ́n á jí, wọ́n á tún wọlé jìn díẹ̀ sí i.

Kí ló dé tí ebi kì í pa wọ́n? Òùngbẹ ńkọ́?

Ìbéèrè tó dùn jù nìyí, nítorí ibẹ̀ ni àṣírí ti tú nípa ẹni tó ń pàṣẹ láàárín họ́mọ̀nù àti ọpọlọ. Ẹ rántí pé ikún máa ń jí láàárín oorun, ara rẹ̀ á gbóná dé 37°C, síbẹ̀ kò ní jẹun. Ghrelin ni họ́mọ̀nù tí ikùn fi ń ké sí ọpọlọ pé ebi ń pa òun. Ní 2024, àwọn onímọ̀ ní yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà fi hàn pé bí wọ́n bá fún ikún onílà mẹ́tàlá ní ghrelin nígbà tó jí láàárín ọ̀gìnnìtìn, kò ní bìkítà. Ìdí ni pé T3 ti gbẹ ní hypothalamus rẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì ebi tó wà níbẹ̀ sì ti di etí. Nígbà tí wọ́n dá T3 padà síbẹ̀, ẹranko náà bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun, bẹ́ẹ̀ àsìkò kò tíì tó. Họ́mọ̀nù ń sọ̀rọ̀, ọpọlọ ló ń yàn bóyá òun ó gbọ́.

Òùngbẹ fara jọ ọ́. Ikún kì í mu omi fún oṣù mẹ́fà àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lákọ̀ọ́kọ́, iyọ̀ àti àwọn ohun mìíràn tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ ki máa ń dín kù nígbà tó wà nínú oorun, kí òùngbẹ má baà ní ìdí. Lẹ́yìn náà, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń tọ́ ẹ̀jẹ̀ wò létí ọpọlọ, tí wọ́n ń ké pé omi ti tán, á dákẹ́ bí ẹni pé wọn kò rí nǹkan. Bẹ́ẹ̀ vasopressin, họ́mọ̀nù tó ń sọ fún kíndìnrín pé kó má da omi nù, kò fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ara ń pa omi mọ́, àmọ́ kò wá omi. Ká ní ẹranko náà mọ òùngbẹ lára ni, á jáde sínú yìnyín lọ wá omi, ẹyẹ àṣá á sì gbé e.

Bí oorun náà bá gùn tó bẹ́ẹ̀, kí ló ń jí wọn láàárín?

Ikún kì í sùn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 2 sí 3, á dá iná, á gbóná láàárín wákàtí díẹ̀, á wà bẹ́ẹ̀ fún nǹkan bí wákàtí 12 sí 24, á sì tún padà sínú òtútù. Ọ̀rá aláwọ̀ ilẹ̀ tó wà lẹ́bàá èjìká àti ọrùn ni ààrò tó ń kọ́kọ́ tan. Noradrenaline, èròjà tí iṣan ìmọ̀lára fi ń pàṣẹ, ló ń tanná sí i, purotéènì UCP1 sì ń mú kí ọ̀rá náà jó di ooru lásán láìṣe iṣẹ́ mìíràn. Lẹ́yìn náà ni iṣan ara á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n rìrì. Iwájú ara, níbi tí ọkàn àti ọpọlọ wà, ló ń gbóná ṣáájú ẹ̀yìn.

Owó ńlá ni wọ́n ń ná síbẹ̀. Ìpín tó pọ̀ jù lọ nínú ọ̀rá tí ikún ń jó láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀gìnnìtìn dé òpin, jíjí wọ̀nyí ló ń gbà á, bí wọn kò tiẹ̀ gùn. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń fi àsìkò náà ṣe ni pé wọ́n ń sùn. Ọpọlọ tó tutù jù kò lè sùn oorun gidi, nítorí náà gbèsè oorun ń gun orí ara wọn. Bí ara bá ti gbóná, wọ́n á kọ́kọ́ san gbèsè náà.

Ọpọlọ wọn kì í bàjẹ́?

Ó ń rẹ̀ dànù díẹ̀, ó sì ń padà sípò. Bí ara bá tutù, àwọn ẹ̀ka tí sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ á súnkì, oríkèé wọn á dín kù. Purotéènì tau, tó jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tí ń kó ìdàrúdàpọ̀ bá ọpọlọ arúgbó tó ní àrùn Alzheimer, á yí padà lọ́nà kan náà. Àmọ́ láàárín wákàtí díẹ̀ tí ikún bá jí, ẹ̀ka á tún yọ, tau á sì padà bó ṣe wà.

Ṣé béárì wà lára wọn? Mo gbọ́ pé ara rẹ̀ kì í tutù.

Ó wà lára wọn. Béárì dúdú ń wà láàárín 30 sí 36°C nítorí pé ara rẹ̀ tóbi, ó nírun, ooru kò tètè sá. Ṣùgbọ́n ìwádìí kan tó jáde ní 2011 fi hàn pé iná inú ara rẹ̀ ń rẹlẹ̀ dé ìdá kan nínú mẹ́rin ti ìgbà tó sinmi lásán. Nígbà tó bá jáde tán, tí ooru ara rẹ̀ ti pé, iná náà ṣì ń rẹlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 2 sí 3. Kò jẹ, kò mu, kò tọ̀, kò yàgbẹ́ fún oṣù 5 sí 7.

Abo béárì tún ń bímọ níbẹ̀. Ìgbà ooru ni akọ ń gùn ún, oyún tíńtín náà á máa léfòó nínú ilé ọmọ fún oṣù mélòó kan láìlẹ̀ mọ́ ọn, títí progesterone á fi ga sókè lápá ìparí ọdún. Bí ìyá kò bá sanra tó, oyún náà kì í sábàá mú.

Ìbéèrè mìíràn tí àwọn dókítà ń béèrè ni pé kí ló dé tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í dì nínú iṣan nígbà tó fi oṣù bẹ́ẹ̀ dùbúlẹ̀. Ní 2023 ni ìdáhùn kan jáde: purotéènì HSP47 lára àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nígbà oorun.

Akọ àti abo, ṣé bákan náà ni?

Kò rí bẹ́ẹ̀. Testosterone kò bá oorun ọ̀gìnnìtìn rẹ́; bó bá ga, ẹranko kò ní lè wọ̀ ọ́. Akọ ikún Alaska máa ń gbóná padà ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú abo, á wà nínú ihò, á máa jẹ èso tó ti kó pamọ́, kí kórópọ̀n rẹ̀ lè tóbi kí abo tó jáde.

Ṣé ohun kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tí èèyàn lè gún lábẹ́rẹ́ kó wọ oorun?

Ní 1969, Dawe àti Spurrier kéde pé àwọn fa ẹ̀jẹ̀ ikún tó ń sùn sára ikún ìgbà ooru, èyí sì sùn. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi wá ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ náà, wọn kò rí i yọ, àwọn mìíràn tó tún un ṣe kò sì rí àbájáde kan náà. Èyí tó dúró jù ni ti onímọ̀ Kondo ní Japan, lára chipmunk, ìbátan ikún tó kéré: ẹ̀dọ̀ ń ṣe àpapọ̀ purotéènì kan, HP, ó ń dín kù nínú ẹ̀jẹ̀, ó sì ń pọ̀ nínú omi ọpọlọ bí oorun bá ti ń sún mọ́. Nígbà tí wọ́n fi èròjà mìíràn dí HP náà nínú ọpọlọ, oorun náà kúrú.

Kí ló máa ń bà á jẹ́?

Jíjí láìtọ́jọ́ ni olórí. Láti 2006 ni àrùn imú funfun ti ń pa àdán ní Amẹ́ríkà. New York ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i. Olú kan tó fẹ́ràn òtútù ló ń hù sí awọ ìyẹ́ wọn. Kì í ṣe pé olú náà ń pa wọ́n lójú ẹsẹ̀. Ó ń mú kí wọ́n máa jí lemọ́lemọ́ ni. Jíjí kọ̀ọ̀kan ń jẹ ọ̀rá, ọ̀rá á sì tán kí kòkòrò tí wọ́n ń jẹ tó padà. Ẹni tó bá wọ ihò àdán nígbà òtútù pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì ń ṣe irú iṣẹ́ olú náà.

Ikún ilé wa ńkọ́? Ìgbín ńkọ́?

Ikún ilé wa kì í wọ̀ ọ́. Ó ń rí oúnjẹ yíká ọdún. Ìgbín tó di ẹnu ìkarahun rẹ̀ pa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ń ṣe ohun tó jọ ọ́, ṣùgbọ́n kò ní ooru ara tó fẹ́ pa.

Ìlú Òyìnbó ni mo wà, mo rí hedgehog (ẹranko kékeré ẹlẹ́gùn-ún lára) tó tutù lójú ọ̀sán. Kí ni kí n ṣe?

Bó bá wà nínú ìtẹ́ ewé rẹ̀ tó ká bí bọ́ọ̀lù, ẹ fi í sílẹ̀. Bó bá wà ní gbangba lójú ọ̀sán, àmì ìṣòro ni. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ gbé e sínú páálí, ẹ fi táwẹ́ẹ̀lì wé ìgò omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kí ó móoru kí ẹ tó gbé oúnjẹ sí i, nítorí ikùn tó tutù kò lè da oúnjẹ. Omi lásán àti oúnjẹ ẹran ti ológbò dára. Wàrà àti búrẹ́dì ń fún un ní ìgbẹ́ gbuuru. Ẹ wọ̀n ọ́n: èyí tí kò bá tó 450g ṣòro kó la ọ̀gìnnìtìn já. Ẹ pe àwọn tó ń tọ́jú ẹranko ìgbẹ́ ládùúgbò.

Hedgehog ilé Áfíríkà tí wọ́n ń sìn nínú àgò yàtọ̀. Bí yàrá bá tutù, ó lè gbìyànjú láti wọ oorun tí kò ní ọ̀rá fún, á sì kú. Ẹ jẹ́ kí àgò rẹ̀ wà láàárín nǹkan bí 23 sí 27°C.

Ènìyàn lè ṣe é?

Ní 2020, ilé iṣẹ́ ìwádìí méjì, ọ̀kan ní Tsukuba ní Japan, ọ̀kan ní Harvard, rí àwọn sẹ́ẹ̀lì hypothalamus eku tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ta wọ́n jí, ooru ara eku á já wálẹ̀. Ti Tsukuba lé ní wákàtí 48, eku náà sì padà sípò láìfarapa. Eku kì í wọ oorun ọ̀gìnnìtìn gígùn fúnra rẹ̀, ìyẹn ló mú kí èèyàn máa ronú pé bọ́tìnnì náà lè wà lára àwa náà. Ní 2023, wọ́n fi ìró tí etí kò lè gbọ́ lu preoptic area láti ìta agbárí, ooru eku sì lọ sílẹ̀ ní nǹkan bí 3°C.

Àwọn ilé ìwòsàn kan ti máa ń mú aláìsàn tí ọkàn rẹ̀ dúró, tó tún lù padà, tutù sí 32 sí 36°C láti gbìyànjú láti gba ọpọlọ rẹ̀ là. Ọpọlọ ènìyàn kò gbà: ó ń paṣẹ pé kí ara máa gbọ̀n, nítorí náà wọ́n ní láti fi oògùn oorun àti oògùn tó ń sọ iṣan rọ dè é. Bí a bá tilẹ̀ yí òṣùwọ̀n yẹn, ọkàn wa ṣì wà níbẹ̀. Bí ooru rẹ̀ bá ti sọ̀ kalẹ̀ sí nǹkan bí 28°C, ó lè fi lílù sílẹ̀ kó máa gbọ̀n jìnnìjìnnì. Ti ikún ń lù jẹ́jẹ́ ní 5°C.